ÀMÁNÀ NI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ RẸ
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa lo ímeèlì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Ọ̀yọ́, àti ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń kọ́ ọ káàkiri, ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun kan tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun náà ni ímeèlì. Gbólóhùn kan ni kókó ọ̀rọ̀ náà: àpótí ímeèlì akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti di ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó tó di agbẹjọ́rò, ohun tí ó bá sì wà nínú rẹ̀, àmánà ni. Bí ó bá ṣe ń ṣọ́ ọ lónìí ni yóò ṣe máa ṣọ́ àṣírí àti owó oníbàárà rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Yunifásítì Ajayi Crowther, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 2005, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń jókòó ní Ọ̀yọ́, ó sì ń jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn agbẹjọ́rò wà ní ìlú méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Tẹ ìwé yìí, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì," ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti wọ inú àpótí rẹ̀. Kò tíì wọ aṣọ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹrù agbẹjọ́rò ti wà ní orí rẹ̀.

ÌLÀRÍ ÀTI ÀROKÒ

Iṣẹ́ rírán kì í ṣe ohun àjèjì ní Ọ̀yọ́. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Aláàfin bá fẹ́ rán iṣẹ́ sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn Ìlàrí ni ó máa ń rán. Wọ́n á fá apá kan orí wọn, wọ́n á sì dá apá kejì sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí wọn lókèèrè yóò ti mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n. Orúkọ tí ọba sọ Ìlàrí pàápàá a máa fi èrò ọkàn ọba hàn. Ìdí rẹ̀ kò ju pé kí ẹni tí a rán iṣẹ́ sí lè mọ ẹni tí ó rán an, kí ó má ba à gba iṣẹ́ ọ̀tá ní orúkọ ọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrokò. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ó ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹẹ́fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra, nítorí pé ẹẹ́jọ ni. Ẹyọ méjì péré ni ó wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì sọ méjì nù lójú ọ̀nà ti jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an.

Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó sì mú àmì @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ibi tí àpótí rẹ̀ wà. Àmì náà ń ṣe iṣẹ́ tí orí Ìlàrí ń ṣe: ó ń sọ ẹni tí ó rán iṣẹ́ àti ibi tí iṣẹ́ ti wá. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ méjì ṣe lè yí àrokò padà, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àdírẹ́sì lè sọ ọ̀rẹ́ di olè, ó sì lè gbé ìwé oníbàárà lọ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ kí ó rí i.

ILÉ ẸJỌ́ TI GBA ÍMEÈLÌ WỌLÉ

Àwọn kan lè rò pé eré ọ̀dọ́ ni ímeèlì, pé bébà ni ilé ẹjọ́ mọ̀. Èrò náà ti di ti àná. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gbà pé ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́. Ní ọdún 2023 wọ́n tún òfin náà ṣe láti mú un bá ìgbà mu. Ìtumọ̀ èyí ni pé ímeèlì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbínú kọ ní òru lè di ìwé tí agbẹjọ́rò yóò kà sókè ní gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ó ní ohun tí ó ń béèrè: pé a ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń fi sínú rẹ̀ déédéé, pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àti pé ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde bá ohun tí a fi sí i mu. Nínú ẹjọ́ tí Kubor pe Dickson lórí ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Bayelsa ti ọdún 2012, wọ́n mú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, lára rẹ̀ ni ìròyìn ìwé ìròyìn kan. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà á, nítorí pé ẹni tí ó mú un wá kò mú ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà tọ́jú rẹ̀ àti ọ̀nà tí a gbà gbé e wá kò tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó máa ń pa ímeèlì rẹ́ bí ó ti wù ú, tàbí tí ó ń ya àwòrán ojú fóònù tí ó sì rò pé ẹ̀rí pípé ni.

Ní ọdún 2018, nígbà tí Walter Onnoghen jẹ́ Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kéde pé láti oṣù Keje ọdún náà, ìwé ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò bá mú wá gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ímeèlì tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹjọ́ pa ní ọdún 2020, ìlànà tí Ìgbìmọ̀ Adájọ́ ti Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní oṣù Karùn-ún fi àyè gba fífi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ lórí ímeèlì àti WhatsApp. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé agbẹjọ́rò tí kì í ṣí àpótí rẹ̀ dà bí ẹni tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò dáhùn. Wọn yóò pe ẹjọ́, kò ní sí níbẹ̀. Oníbàárà tí ó ti sanwó ni yóò jìyà rẹ̀.

ÀṢÍRÍ ONÍBÀÁRÀ

Òfin Ẹ̀rí kan náà, ní abala 192, sọ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá bá a sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ síta, àfi bí oníbàárà bá yọ̀ǹda, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Abala tí ó tẹ̀lé e mú òfin yìí dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ àti akọ̀wé agbẹjọ́rò. Nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ má ṣe sọ pé, "Èmi kò tíì di agbẹjọ́rò." Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń ṣe, àṣírí sì ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpèjúwe kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní opó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bá àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣe ẹjọ́ lórí ilé tí ọkọ fi sílẹ̀. Ó gbé ìwé ilé náà wá fún agbẹjọ́rò, ó sì sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí nítùbí-ìnùbí, iye báyìí ni owó tí ó kéré jùlọ tí òun lè gbà. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ tẹ̀ ẹ́. Iná kò sí ní ọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ gba bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ. Ó ṣí ímeèlì rẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ ìwé, ó fi ránṣẹ́, ó sanwó, ó sì jáde. Kò ti àpótí rẹ̀. Kò pa ìwé tí ó tẹ̀ rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ àbúrò ọkọ opó náà. Ìlú kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pàdé láti parí ìjà, iye tí ó kéré jùlọ yẹn gan-an ni àwọn ẹbí yóò fi bẹ̀rẹ̀, opó náà kò sì ní mọ ẹni tí ó tú òun síta láéláé. Kò sí ẹni tí ó purọ́, kò sí ẹni tí ó jalè, síbẹ̀ a ti fi ìyà jẹ ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Ìjọba pẹ̀lú ti rí ewu yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu fi ọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà. Lábẹ́ òfin náà, bí ọ̀rọ̀ ara ẹni tí ilé iṣẹ́ kan ń tọ́jú bá tú síta lọ́nà tí ó lè pa àwọn tí ó ni ín lára, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi tó Àjọ tí ó ń mójú tó o létí. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé orúkọ, ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn ènìyàn ni ó kún inú àpótí wọn.

OLÈ TÍ Ó DÚRÓ SÍ ENU Ọ̀NÀ

Àwọn kan wà tí kì í dúró de àṣìṣe. Wọ́n ń dọdẹ. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ orúkọ Ramon Olorunwa Abbas, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi, tí ọwọ́ tẹ̀ ní Dubai ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ àti aṣọ rẹ̀. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ìpínlẹ̀ New York wà lára àwọn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lù ní jìbìtì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì náà fẹ́ san owó kan fún báǹkì nítorí oníbàárà wọn. Àdírẹ́sì ímeèlì tí ó jọ ti báǹkì náà ni ó kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n àwọn olè ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Nǹkan bí dọ́là 922,857 ni ó bá a lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà rán Abbas lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 135, èyí tí í ṣe ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe adájọ́ tàbí ọ̀gá àgbà ni wọ́n fi ẹ̀tàn mú. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ràn agbẹjọ́rò lọ́wọ́ ni, irú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ṣe nígbà ìsinmi. Owó náà kì í sì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ti oníbàárà ni.

Ìwà àwọn ọmọ yàhúù ti kó ìdọ̀tí bá orúkọ gbogbo wa. Orúkọ tí a ń pè wọ́n pàápàá, láti ara ilé iṣẹ́ tí ó ń fún ènìyàn ní àpótí ímeèlì ni ó ti wá. Nítorí náà bí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá kọ ímeèlì sí òkè òkun láti béèrè iṣẹ́ tàbí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ pé ìfura ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kà á. Ìwé tí ó mọ́, tí orúkọ rẹ̀ dájú, tí èdè rẹ̀ gún, ni yóò yanjú ìfura náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ayé òde òní, àdírẹ́sì là ń wò kí a tó ṣí ìwé.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ní àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní àdírẹ́sì tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Orúkọ ìnagijẹ tí ó mú nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kò yẹ ní orí ìwé tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ adájọ́ tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ní ìkejì, kí ó ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà fóònù. Kí ó má ṣe lo ẹyọ kan fún ibi gbogbo. Kí ó fi ìdè kejì kún un, kí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an kò ní lè wọlé láìsí nọ́ńbà tí ó wá sórí fóònù onílé. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ohun tí a ń kà fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ì báà sọ pé báǹkì ni òun. Bí ó bá lo kọ̀ǹpútà ìgboro, kí ó jáde kúrò nínú àpótí rẹ̀, kí ó sì pa ohun tí ó fi síbẹ̀ rẹ́ kí ó tó dìde.

Ní ìkẹta, kí ó wo àdírẹ́sì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi ìwé ránṣẹ́. Kí ó kọ ìwé tán, kí ó so ohun tí ó fẹ́ so mọ́ ọn, kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó wá kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á. Kí ó ṣọ́ra fún bọ́tìnnì tí ó ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ní ìkẹrin, kí ó kọ ìwé bí ọmọlúàbí. Kí àkòrí sọ ohun tí ìwé náà dá lé. Kí ó kí àgbà bí a ti í kí àgbà. Kí ó sọ ohun tí ó ń fẹ́ ní ṣókí, kí ó fi orúkọ rẹ̀, ọdún tí ó wà àti nọ́ńbà rẹ̀ parí rẹ̀. Bí inú bá ń bí i, kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní ìkarùn-ún, bí ìwé kan bá sọ pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, tàbí pé kí a sanwó kíákíá, kí ó má ṣe dá ìwé náà lóhùn. Kí ó pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ìwé náà. Ìpè ìṣẹ́jú méjì lè gba iṣẹ́ ogún ọdún là.

Ní ìkẹfà, kí ó tọ́jú ẹ̀dà. Ọ̀yọ́ ní ẹ̀rí tí ó lágbára lórí èyí. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Àńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní ọdún 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfi ojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí Samuel fi sílẹ̀ nílé, ìtàn ńlá kan ni ì bá sọnù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín àpótí rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀nà, kí ó tọ́jú ohun tí ó fi ránṣẹ́ àti ohun tí ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò ìkọ́ṣẹ́ bá parí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ohun tí ó yẹ kí ó dá padà àti ohun tí ó yẹ kí ó pa rẹ́. Ìwé oníbàárà kì í ṣe ohun ìrántí.

BÍ ẸNÌ KAN BÁ SỌ PÉ…

Ẹnì kan lè sọ pé WhatsApp ni gbogbo ènìyàn ń lò báyìí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé ìgbaniwọlé, ìwé iṣẹ́ àti ìwé ẹjọ́ ṣì ń gba orí ímeèlì kọjá, ìṣọ́ra kan náà ni ó sì yẹ lórí méjèèjì. Òmíràn lè sọ pé iná kò dúró, owó dátà sì wọ́n. Òtítọ́ ni èyí náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ímeèlì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì wo àpò tí ìwé tí a fura sí máa ń bọ́ sí pẹ̀lú, nítorí pé ìwé gidi a máa ṣèèṣì wọ ibẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn ohun tí a béèrè lójú ẹsẹ̀, kí ó kọ gbólóhùn kan pé òun ti rí i, òun yóò sì dáhùn ní ọjọ́ báyìí.

Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń lò ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, kí a tó wá wo ìwà wọn bóyá wọ́n yẹ ní ẹni tí a lè pè sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ìwà kì í sì í ṣe ohun tí a ń rà ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí oníbàárà rán agbẹjọ́rò kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, ilé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ òní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣí àpótí rẹ̀, kí ó wo ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ni ín. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí ó lè pa àmánà mọ́.